Èrò onímọ̀ àti àyẹ̀wò láàbù nínú ìwádìí ikú

Ìwádìí ikú ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti mọ ohun tó pa ènìyàn nígbà tí ikú náà bá mú ìfura dání. Ní Ìbàdàn, irú òkú bẹ́ẹ̀ lè dé ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní Òrìta-Mẹ́fà. Ẹ̀rí méjì ló ń tibẹ̀ jáde: ohun tí dókítà tó la òkú fi ojú rí, àti iye tí láàbù kà nínú ẹ̀jẹ̀.

Èéfín jẹnẹrétọ̀

Kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì inú èéfín yìí a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, a sì sọ ọ́ di pupa yòò. Lára adúláwọ̀, pupa náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Abẹ́ èékánná àti inú ètè ni wọ́n ti ń wá a. Òtútù mọ́ṣúárì náà sì lè mú kí òkú pọ́n bákan náà, nítorí náà ojú nìkan kò tó. Bí láàbù bá rí i pé gáàsì náà ti gba ju ìdá 50 nínú 100 ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sábà máa ń pani. Àmọ́ àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lè kú ní nǹkan bí ìdá 30. Ẹni tó la òkú ló rí ọkàn yẹn.

Ibi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀

Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìròyìn ṣe ń kà á sí lọ. Lẹ́yìn ikú, àwọn oògùn kan a máa jò láti inú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àyà, iye wọn á sì ga. Ẹ̀jẹ̀ itan ni wọ́n ń fẹ́. Òkú tó ń jẹrà tún máa ń pọn ọtí fúnra rẹ̀. Bí ọtí bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò sí nínú omi inú ẹyinjú, ó ṣeé ṣe kí olóògbé má fẹnu kan ife rárá.

Abẹ́rẹ́ òkú ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan tó lè wà nínú ògógóró búburú, sábà máa ń wà nínú fọ́málìn, oògùn tí wọ́n fi ń gún òkú kó má bàa jẹrà. Bí wọ́n bá ti gún òkú kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, a kò ní mọ̀ bóyá ògógóró búburú ló pa á. Nígbà tí ikú òjijì bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, oògùn apakoríko ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, kí àyẹ̀wò tó tọ́ka sí mẹ́tánọ́ọ̀lù.

Ní kóòtù

Abala 68 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba èrò onímọ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò di dandan kí adájọ́ tẹ̀ lé e.