Bọ́ọ̀dù gba 5 fóltì, àmọ́ ṣé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbà á?

"Bọ́ọ̀dù yìí gba 5 fóltì." Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń fi microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, láti Kàbbà dé Ìyàrà, títí lọ dé Mọ̀pà àti Ìsánlú. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ìwádìí parí nìyẹn. Wọ́n á so wáyà mọ́ wáyà, nọ́ńbà á yọ lójú ẹ̀rọ, ẹni tó bá tún bèèrè nǹkan di ẹni tó fẹ́ da iṣẹ́ rú. Ó ń dùn mí, torí àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọṣẹ́. Ìmọ̀ kékeré kan ló kù, a kì í sì í sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ táǹkì omi, òun ló wọ́pọ̀ jù. Onílé tó gbẹ́ bohóòlù fẹ́ kí pọ́ńpù máa dá dúró bí táǹkì bá kún, kí iná tó dé lóru má fi omi ṣòfò nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Wọ́n á ra sensor HC-SR04 tó ń fi ìró wọn bí omi ṣe jìnnà sí i tó, wọ́n á ra bọ́ọ̀dù ESP32, tó jẹ́ microcontroller. HC-SR04 ń jẹ 5 fóltì. Bọ́ọ̀dù ESP32 náà ń gba 5 fóltì lẹ́nu USB. Ni wọ́n bá so Echo, ìyẹn ẹsẹ̀ (irin tí wáyà ń so mọ́) tí sensor fi ń fi àmì ránṣẹ́, tààrà mọ́ ẹsẹ̀ ESP32, wọ́n ní ọgbọọgba ni wọ́n.

Wọn kì í ṣe ọgbọọgba. 5 fóltì tó gba ẹnu USB wọlé kò dé ara ESP32 fúnra rẹ̀. Regulator orí bọ́ọ̀dù ti sọ ọ́ di 3.3 kó tó débẹ̀. Ọdẹ ẹnu géètì ni regulator yẹn, kò rí ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹsẹ̀ àmì kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá rárá, inú IC, ìyẹn ESP32 gangan tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ló ń lọ tààrà. Ohun tí Espressif tó ṣe ESP32 kọ sínú datasheet, ìwé àlàyé rẹ̀, ni pé àmì tó ń wọlé kò gbọdọ̀ fi ju 0.3 fóltì lọ ga ju iná tí IC ń jẹ. 3.3 àti 0.3 jẹ́ 3.6. Echo ń gbé 5 bọ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Kò tó 1 fóltì." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò purọ́. Ó gbé mítà tó ń wọn fóltì lé Echo lóòótọ́, ó sì rí nǹkan bí 0.3. Mítà rẹ̀ náà kò bàjẹ́. Ohun tí mítà ń sọ ni kì í ṣe ohun tí a fẹ́ mọ̀.

Echo kì í dúró sójú kan. Bí ESP32 bá ti ta Trig, ẹsẹ̀ tó ń sọ fún sensor pé kó wọn, Echo á fò sókè dé 5, á wà níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ìró fi lọ tó sì fi bọ̀, lẹ́yìn náà á já bọ́ sí òdo. Nǹkan bí 58 microsecond ni fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá jìnnà sí sensor ní 100 sẹ̀ǹtímítà, ó di 5.8 millisecond. Bí kóòdù bá ń bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á jẹ́ pé nínú 100 millisecond kọ̀ọ̀kan, 5.8 péré ni Echo fi wà lókè, ó wà nílẹ̀ fún gbogbo ìyókù. Mítà kò lè sáré bá a. Ó ń kó òkè àti ilẹ̀ pọ̀, ó ń pín wọn dọ́gba: 5 lọ́nà 0.058, ó jẹ́ 0.29. Ibẹ̀ ni 0.3 yẹn ti wá.

Ẹni tí kò bá gbà, kó gbé sensor jìnnà sí ògiri dé 200 sẹ̀ǹtímítà. Mítà á sún mọ́ 0.6. Kó wá yí kóòdù padà kó máa bèèrè lẹ́ẹ̀márùn-ún dípò mẹ́wàá, á tún padà sí 0.3. Ṣé kóòdù ló ń dín iná sensor kù ni? Iná kò yí padà, àkókò ló yí. Ẹ gbé e sí oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí fóltì ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ ó rí i tó ga dé 5 ní gbogbo ìgbà. Ṣọ́ọ̀bù tó ní oscilloscope kò pọ̀ lágbègbè wa, ìdí nìyẹn tí irọ́ yìí fi ń pẹ́.

Wọ́n á tún ní, "Ṣebí ó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́." Ọ̀pọ̀ IC ní diode kékeré, tó dà bí ilẹ̀kùn tí iná ń gbà lọ́nà kan ṣoṣo, lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bá ga ju iná IC lọ, diode á ṣí, á da èyí tó lé sórí wáyà 3.3. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó kú lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ nítorí iná tó máa ń ta láti ara èèyàn ni wọ́n ṣe fi diode yẹn síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ àṣemọ́jú. Ó tún burú bí 3.3 bá ti lọ tí sensor ṣì ní iná: iná á gba ẹsẹ̀ àmì wọ inú IC, á jí i láàbọ̀. Kò kú, kò yè. Kóòdù ni wọ́n á wá máa dá lẹ́bi.

Bí iná jíjẹ àti ẹsẹ̀ àmì bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni a ó ti sọ nípa nRF24L01+, rédíò kékeré tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́? Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 3.6, síbẹ̀ ẹsẹ̀ àmì rẹ̀ gba 5. SIM800L tó ń lo SIM fóònù ń jẹ 3.4 sí 4.4, síbẹ̀ 2.8 ni ẹsẹ̀ serial rẹ̀ ń lò. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn méjì ló ní. Bó ṣe rí náà nìyẹn bí àmì bá ń ti ọ̀dọ̀ 3.3 lọ sọ́dọ̀ 5: gílóòbù kékeré WS2812B tó ń jẹ 5 fẹ́ kí àmì tó 3.5, ESP32 kò sì ní ju 3.3 lọ. Ó lè tàn lórí tábìlì, kó máa ṣẹ́jú lórí ògiri.

Mi ò sọ pé gbogbo ESP32 tí wọ́n ṣe báyìí fún ló máa jóná. Púpọ̀ nínú wọn á pẹ́. Gbogbo HC-SR04 kọ́ ló sì rí bákan náà. Àwọn kan wà lọ́jà tó ń ṣiṣẹ́ lórí 3.3; bí 3.3 lẹ bá fún wọn, Echo wọn kò ní ga jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ resistor méjì ni ohun tí a ń jiyàn lé lórí: 1k láti Echo sí ẹsẹ̀ ESP32, 2k láti ẹsẹ̀ yẹn sí ilẹ̀ (GND), 5 á di 3.3. Bó bá jẹ́ 2.2k lẹ ní, ó di 3.44, kò tíì kọjá ààlà. Bí ESP32 bá jóná, Èkó ni òmíràn ti ń bọ̀ fún ọ̀pọ̀ wa, ọkọ̀ ló sì ń gbé e.

Ẹ má fi resistor méjì yìí ṣe I2C o, ìyẹn wáyà méjì (SDA àti SCL) tí àwọn IC fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni àmì ń gbà níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ní MOSFET BSS138, tó ń yí àmì 3.3 àti 5 padà síra wọn, ni kí ẹ lò. Ẹ sì ṣọ́ra fún bọ́ọ̀dù aago DS1307, torí ọ̀pọ̀ wọn ní resistor tó fa SDA àti SCL sókè dé 5. Ibẹ̀ ni mítà ti wúlò, torí ọ̀nà náà máa ń dúró lókè nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ fún bọ́ọ̀dù aago náà ní iná nìkan, kí ẹ wọn SDA kí ẹ tó so ó mọ́ ESP32. Bí mítà bá kọ 5, ẹ má so ó.