Ta Ló Kọ Ìwé Mẹ́wàá Tí Ẹ Kà Kẹ́yìn?

Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń yá àwọn èèyàn níwèé, èmi náà ni mò ń gbà á padà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà wá dá ìwé padà láìpẹ́ yìí. Bébà sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dì í lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń di ìwé ọmọ ilé ìwé láyé àtijọ́, kó má baà ya. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kọ ìwé mẹ́wàá tí wọ́n kà kẹ́yìn sílẹ̀ fún mi.

Wọ́n kọ ọ́, wọ́n wò ó títí. "Ọmọ mi, kò mà sí obìnrin kankan níbí!"

"Ẹ tún un wò, Bàbá."

Yorùbá ni méje, Òyìnbó ni mẹ́ta. Kò sí Hausa kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́jọ ni bàbá fi ṣe tíṣà ní Kánò.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú wa la máa ń kà: èyí tí wọ́n yàn fún ìdánwò, èyí tí ọ̀rẹ́ ń pariwo, èyí tí ìsọ̀ tò síta. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà. Ìwé dé orí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, ní 1966, kí ti Flora Nwapa tó wọ̀ ọ́, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ka ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ibo ni yóò ti rí obìnrin?

Ẹ wo Kánò náà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń kọ ìtàn ní èdè Hausa, wọ́n ń tà á lọ́jà. Balaraba Ramat Yakubu kọ ọ̀kan jáde ní 1990, nípa ìyá kan tí ọkọ lé jáde, tó ń dáná oúnjẹ tà láti fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó di 2012 kí ìwé náà tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ló sì tẹ̀ ẹ́. Láti Kánò dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé gba Íńdíà yọ! Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Nítorí náà, ẹ má pa àwọn tí ẹ fẹ́ràn tì o. Bí ẹ bá ti ka ìwé méjì tó bá yín lára mu, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹni tí èdè rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Kò dìgbà tó bá jìnnà: ọmọ ìlú Widà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni òǹkọ̀wé Olympe Bhêly-Quénum, Faransé ló fi kọ̀wé, ìwé rẹ̀ sì ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ máa ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó túmọ̀ ìwé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dùn mọ́ yín, ẹ béèrè ohun mìíràn tó túmọ̀. Orúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn ló sábà máa ń lé èèyàn kúrò nídìí ìwé àjèjì. Ẹ ya bébà kékeré kan, ẹ kọ ẹni tí kálukú jẹ́ sí ẹnì kejì, kí ẹ fi há inú ìwé. Tó bá fi máa di àádọ́ta ojú ewé, ẹ ò ní nílò rẹ̀ mọ́.

Bàbá yá ìwé Balaraba. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó padà wá gba bébà kékeré náà lọ́wọ́ mi.