Bọ́ọ̀lù ni ajá ń wá, èèyàn làwa ń wá

Bí òjò bá ń pa èmi àti Tanímọ̀la, ajá Border Collie mi tí mo fi ń wá àwọn tó sọnù, lórí àwọn òkè Lake District ní àríwá England, àwọn tó bá pàdé wa máa ń bi mí pé ṣé àánú ẹni tó sọnù ló ń ṣe ajá yìí tó fi ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Rárá o. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ń wá. Ohun tó mọ̀ ni pé bó bá rí èèyàn, tó sáré padà wá gbó mọ́ mi, tó sì mú mi débẹ̀, bọ́ọ̀lù á jáde.

Ìdí nìyí tí a kì í fi kánjú mú ọmọ ajá. Mo máa ń ju bọ́ọ̀lù sínú koríko tó díjú. Òmíràn á wò yíká lẹ́ẹ̀kan, á padà. Òmíràn á máa túlẹ̀ níbẹ̀ títí tí màá fi lọ gbé e. Èyí tí mò ń gbé ni mo fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á fi bọ́ọ̀lù hàn án, á sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Nígbà tó bá yá, ajá kò ní rí ibi tí ẹni náà gbà mọ́. Imú nìkan ló kù ú kù. Ó máa ń tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kó tó tóótun.

Awọ ara wa ń ṣí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ láìdúró, ojú ò lè rí i, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ bí èéfín: tóóró níbi tó ti ń jáde, gbàràmù níwájú. Mo máa ń fẹ́ àtíkè díẹ̀ sójú afẹ́fẹ́ kí n lè mọ ibi tó dorí kọ, kí n wá mú ajá gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kọjá. Bó bá kan òórùn náà, á yí orí padà lójijì bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ajá mi jẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń mọ ibi tí wọ́n fi èèyàn pamọ́ sí, ẹsẹ̀ mi á sì máa fà bí a bá ti súnmọ́ ọn. Tanímọ̀la kò gbọ́ òórùn mọ́. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró so okùn bàtà, ó gbó mọ́ mi níbi tí kò sẹ́nì kankan. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í sọ ibi ìfarapamọ́ fún mi mọ́.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní Britain, níbi tí Hamish MacInnes, ọmọ Scotland tó máa ń gun òkè, ti dá ẹgbẹ́ àwọn alájá báyìí sílẹ̀ lọ́dún 1965, àárín àgùntàn la ti ń dán ìgbọràn wò. Ajá tó bá lé àgùntàn, ilé ló ń lọ.

Ti àwókù ilé yàtọ̀. Níbẹ̀, ajá kì í padà wá. Á dúró, á máa gbó. Òórùn ń gba àlàfo tó bá rí jáde, nítorí náà ẹni náà lè má sí lábẹ́ ibi tí ajá ti gbó. A máa ń mú ajá kejì wá kó jẹ́rìí. Ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, lóṣù kọkànlá ọdún 2021. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ẹ rí ajá tó ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún sẹ́yìn, ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Òórùn èrò àti èéfín epo ń dí i lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ inú igbó lẹ́nì kan ti sọnù, ẹ má dúró dọjọ́ kejì kí ẹ tó kígbe.

Ọ̀pọ̀ ìgbà la kì í rí ẹnikẹ́ni láàyè. Ní New York lọ́dún 2001, nígbà tí àwọn ilé gogoro World Trade Center wó, èyí ká àwọn ajá lára, débi pé àwọn panápaná ń fara pamọ́ sínú àwókù kí wọ́n lè rí èèyàn kan. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe. Bí a bá fi gbogbo òru wá ẹnì kan tì, ọ̀kan nínú wa á lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpáta nínú òtútù, bọ́ọ̀lù lápò, kí Tanímọ̀la tó wọ mọ́tò.