Ibi tí Àjò ti Di Ilé: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Òfin Ọgbà Karafáànì ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má rè'lé. Ṣùgbọ́n létíkun Ìlú Ọba, láti Lincolnshire títí dé àríwá Wales, àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ilé àjò gan-an ni wọ́n ń gbé láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Karafáànì, ìyẹn ilé kékeré tó ṣe é fà tàbí gbé kiri, tí wọ́n tà fún wọn fún ìsinmi ni wọ́n ń sùn sí, ibẹ̀ ni àpótí aṣọ wọn wà, ibẹ̀ ni ìkòkò ọbẹ̀ wọn wà. Lójú òfin, àlejò ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi tọpasẹ̀ ìlà tó pín karafáànì sí ilé àti ibi ìsinmi.

Ohun ìgbafẹ́ ọlọ́rọ̀ ni karafáànì ìsinmi nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1885, William Gordon Stables, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, ní kí iléeṣẹ́ kan ní Bristol kan ilé onígi sórí àgbá kẹ̀kẹ́ fún òun. Ó sọ ọ́ ní Wanderer, ẹṣin méjì sì fà á láti Twyford ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Inverness ní Scotland. Nígbà tó máa fi di 1907, irú wọn ti pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìyẹn Caravan Club. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni iléeṣẹ́ Eccles ní Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí mọ́tò lè fà fún títà. Nígbà tí òfin 1938 sì ṣí ọ̀nà ìsinmi tí wọn kò ní gé owó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́, àwọn mẹ̀kúnnù náà wá rówó lọ sétí òkun.

Òfin tó wà nígbà náà kò ju ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lọ. Ti 1936 lórí ìlera ará ìlú fún káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lágbára láti fún ẹni tó ń gba karafáànì sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní láíséǹsì, kí omi àti ilé ìgbẹ́ má bàa di wàhálà.

Ogun kejì ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Bọ́ǹbù ti wó ilé rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ ogun ti dé, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ, kò sì sí ilé. Ẹni tó bá rí karafáànì kó wọ inú rẹ̀. Ìjọba ní kí Sir Arton Wilson lọ wo ọ̀rọ̀ náà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1959. Ó ṣírò pé karafáànì bí 60,000 ló ti di ilé ní England àti Wales, èèyàn bí 150,000 ló sì ń gbé inú wọn. Àwọn tí ará àdúgbò ń pè ní alárìnkiri, tọkọtaya ọ̀dọ́ tí kò rí ilé ló pọ̀ nínú wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin ńlá dé. Láti 1960, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ọgbà karafáànì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ ìlò ilẹ̀, kó tó wá gba láíséǹsì lọ́wọ́ káńsù. Káńsù lè là á sílẹ̀ bí karafáànì yóò ṣe jìnnà síra, ibi tí omi yóò ti wá, àti ohun tí wọn yóò fi paná. Òfin yìí náà ló túmọ̀ karafáànì: ohun tí èèyàn lè gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì lè fà tàbí kí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kí káńsù lé karafáànì kúrò lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní, orí àwọn Gypsy, ẹ̀yà tó máa ń gbé inú karafáànì kiri, ni ìyẹn sì bọ́ sí.

Ní 1968, Eric Lubbock, aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal láti Orpington, gbé àbá tirẹ̀ wá sí ilé aṣòfin. Ó di òfin pé onílẹ̀ kò lè lé ẹni tó ń gbé inú karafáànì láìgbàṣẹ ilé ẹjọ́, kò sì lè fi ìyọnu lé e jáde. Wọ́n ní kí àwọn káńsù wá ilẹ̀ fún àwọn Gypsy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pa apá yẹn rẹ́ ní 1994.

Inú òfin rere yìí ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ irú ọgbà tí ààbò náà kàn, wọ́n yọ ọgbà tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìsinmi nìkan, wọ́n sì yọ ọgbà tí àkókò kan wà lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé inú karafáànì níbẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan sọ ara rẹ̀ di onílé? Ṣùgbọ́n òfin 1975 tún ìlà yìí lò, ti 1983 náà lò ó. Ti 1983 ló lágbára jù: ó fún ẹni tó ni karafáànì ní ẹ̀tọ́ láti dúró sórí ilẹ̀ náà, láti tà á fún ẹlòmíràn, kí onílẹ̀ má sì gbà ju ìdá mẹ́wàá owó tó tà á lọ. Karafáànì méjì lè jáde láti iléeṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan ní gbogbo ẹ̀tọ́ yìí, kí èkejì má ní nǹkan kan àfi àdéhùn ọdún mélòó kan. Ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀ tí ọgbà náà gbà ló pín wọn níyà. Tí àdéhùn bá parí, onílẹ̀ lè ní kí wọ́n gbé e kúrò, kí ẹni tó ta ilé rẹ̀ láti rà á sì di aláìnílé lọ́jọ́ ogbó. Èyí kò tọ́ rárá, pàápàá bí ẹni tó tà á fún un bá mọ̀ pé ibẹ̀ ló fẹ́ máa gbé.

Àwọn káńsù náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ìdí wà tí wọ́n fi ń ní kí ọgbà ìsinmi tilẹ̀kùn nígbà òtútù. Lóru ọjọ́ 31 oṣù kìíní 1953, òkun ya wọ ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 307 kú. Ní Jaywick ní Essex, ilé ìsinmi tí àwọn èèyàn ti sọ di ibùgbé ni omi ká wọn mọ́. Ní Towyn ní àríwá Wales, níbi tí ọgbà karafáànì pọ̀ sí, ògiri òkun ya ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 1990, nǹkan bí 5,000 èèyàn ló sì ní láti sá kúrò.

Agbègbè yẹn náà ni Darren Millar ti wá, aṣòfin Wales tó gbé àbá kan dìde ní 2014 pé kí ẹni tó ni karafáànì ìsinmi máa fi hàn pé òun ní ilé gidi níbòmíràn. Kò di òfin.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìlànà ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2020 ní England pàṣẹ kí ibùwọ̀ ìsinmi, títí kan ọgbà karafáànì, ti ìlẹ̀kùn. Ó yọ àwọn kan sílẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé níbẹ̀ nìṣó, lára wọn ni àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé wọn gan-an.