Gáàsì tó ń dáhùn pé "èmi ni"

Tá a bá fẹ́ dá gáàsì tó wà nínú túúbù mọ̀, ti háídírójìn àti ọ́síjìn ò le. Ìkan á dún "pọ́ọ̀" tí iná bá ti kàn án, èkejì á mú kí igi tó kàn ń pọ́n rẹ́rẹ́ tún gbiná, ó tán. Carbon dioxide ni wàhálà wà, torí ohun tí wọ́n ń kì sí àwọn ọmọ SS3 lórí ṣáájú WAEC ni pé tí omi láìmù (omi tí wọ́n po calcium hydroxide mọ́, kì í ṣe ti ọsàn) bá ti di funfun, carbon dioxide ni, kọ ọ́ sílẹ̀, gba máàkì ẹ.

Sulphur dioxide náà ń ṣe é o! Àwọn méjèèjì ò láwọ̀, wọ́n wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n ń pa iná, wọ́n ń sọ litmus búlúù (bébà tí wọ́n fi ń dá ásíìdì mọ̀) tó tutù di pupa, tó o bá wá jẹ́ kí ìkankan nínú wọn máa wọnú omi láìmù yẹn lọ, funfun yẹn á tún pòórá.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n kan ilẹ̀kùn yín l'Òkè Àró láago mọ́kànlá alẹ́, ẹ ní "ta nìyẹn?", wọ́n ní "èmi ni". Irọ́ kọ́ o, ọmọ yín lè dáhùn bẹ́ẹ̀, olè náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá ṣaja náà ńkọ́. Ìbéèrè yín ni ò dáa. Ẹ bi í pé ta ló jẹ́ kí àsáró jóná lánàá, ará ilé nìkan ló máa mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè àsáró yẹn ni potassium dichromate, kẹ́míkà kan tí wọ́n da ásíìdì sí. Ẹ rẹ bébà sínú ẹ̀, àwọ̀ ọsàn ló máa ní. Sulphur dioxide á sọ ọ́ di gíríìnì, carbon dioxide ò ní ṣe é ní nǹkan kan, torí carbon inú ẹ̀ ti gba gbogbo ọ́síjìn tó lè gbà, sulphur ṣì ń wá sí i, ló bá já a gbà lọ́wọ́ dichromate. Èyí wù mí gan-an.

Ẹlòmíì á ní imú á sọ fún wa, àbí sulphur dioxide ò ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ni? Ó ń rùn, àmọ́ ó ń fúnni lọ́fun, ẹni tó bá ní asthma ò gbọdọ̀ dán an wò rárá.

Tí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú túúbù kan ńkọ́? Dichromate lẹ máa kọ́kọ́ gbé e gbà, kó pọ̀ tó láti gbé sulphur dioxide mì tán, kẹ́ ẹ tó wá mú èyí tó kù lọ sínú omi láìmù. Tẹ́ ẹ bá fi omi láìmù ṣáájú, ẹ ò mọ nǹkan kan.

Dichromate gan-an ò sì mọ́ tónítóní o, hydrogen sulphide náà ń sọ ọ́ di gíríìnì. Ìyẹn ṣá, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, á fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sulphur sílẹ̀, á sì sọ bébà lead acetate di dúdú.