Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú lára pósítà ìpolongo ìbò ní Nàìjíríà

Pósítà ìpolongo ìbò ní Nàìjíríà kì í sábà pé láìsí àmì ẹgbẹ́, nítorí pé kò sí ojú tàbí orúkọ olùdíje lórí ìwé ìdìbò àjọ INEC. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ nìkan ni olùdìbò yóò bá níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ pósítà fi ń ya ìwé ìdìbò kékeré kan sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ojú àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, kí ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà lè mọ ibi tí yóò tẹ̀ka sí.

Igi ọ̀pẹ ni àmì Action Group tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe aṣáájú rẹ̀ láti 1951. Àkùkọ ni ti NCNC. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, “Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ” ni aráàlú ń pe Action Group. Ọ̀pẹ kò sì nílò àlàyé lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń jẹ epo rẹ̀, tí ó ń mu ẹmu rẹ̀, tí ó tún ń fi ọwọ̀ rẹ̀ gbálẹ̀. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ dá UPN sílẹ̀ ní 1978, iná ògùṣọ̀ rọ́pò ọ̀pẹ, ó sì bá ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mu, ṣùgbọ́n fìlà àti awò ojú Awólọ́wọ̀ fúnra wọn ti di àmì. Ẹṣin SDP àti idì NRC, tí wọ́n figagbága ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, kò ní irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, nítorí ìjọba ológun ló dá ẹgbẹ́ méjèèjì sílẹ̀.

Ọwọ̀ APC gba àlàyé ju ìyókù lọ. Ọ̀dọ̀ ACN ni APC ti jogún rẹ̀ nígbà tí ACN, CPC, ANPP àti apá kan APGA parapọ̀ ní 2013. Òṣùṣù ọwọ̀ kò ṣeé ṣẹ́, èyí sì bá ìparapọ̀ náà mu. Ó tún ń gbá ìdọ̀tí, èyí tí wọ́n fi ń ta PDP lẹ́nu, ẹgbẹ́ alábùradà tí ó wà lórí àlééfà láti 1999 títí di 2015, tí abùradà rẹ̀ ń ṣèlérí ààbò fún gbogbo ẹ̀yà. Níbi ìpolongo, ọwọ̀ gidi ni àwọn alátìlẹ́yìn ń jù sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèwọ̀ ni nílẹ̀ Yorùbá láti fi ọwọ̀ na ọkùnrin.

Labour Party ní tirẹ̀ ya bàbá, ìyá àti ọmọ sínú àgbá ẹ̀rọ eléyín, àwòrán tí ó kún jù fún àyè tóóró orí ìwé ìdìbò, débi pé “Papa, Mama, Pikin” tí wọ́n ń pè é lẹ́nu ló ń ràn án lọ́wọ́.