Bálásì iná zénọ̀n: ìjánu iná ni mo pè é, mi ò sì yí i padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe bálásì, ìyẹn àpótí kékeré tó ń tan iná zénọ̀n iwájú mọ́tò tó sì ń dì í mú, ní "tiransifọ́mà", ẹ ti ń bí mi nínú tipẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ tún burú jù, wọ́n ṣí dikíṣọ́nárì síbi "ballast" lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí òkúta tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kó má baà dojú dé, ni wọ́n bá ní "ẹrù-ìdúró". Ẹrù wo ló wà nínú iná mọ́tò?

Ìjánu iná lèmi ń pè é. Ẹnì kan ní ìjánu ti jẹ́ bíréèkì tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé nìyẹn o, lọ bá mẹ́kánííkì ní Ládípọ̀ kó o ní kó bá ẹ yẹ ìjánu mọ́tò ẹ wò, wàá rí bó ṣe máa wò ẹ́. Bíréèkì ló mọ̀. Ẹṣin ló ni ìjánu, ibẹ̀ ni mo ti yá a.

Ẹ wo ẹlẹ́ṣin ní Ojúde Ọba. Tẹ́ṣin bá dúró gbagidi, á gún un ní kẹ́sẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹṣin á fò. Àmọ́ tó bá ti gbéra báyìí, ìjánu nìkan lẹlẹ́ṣin ń dì mú, tó bá jù ú sílẹ̀ ẹṣin á sá wọ àárín èrò. Gílóòbù zénọ̀n náà nìyẹn. Gáàsì ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe wáyà tín-ínrín bíi ti gílóòbù halogen, ó máa ń tó nǹkan bí 25,000 volt kíná tó fò kọjá níbẹ̀, kẹ́sẹ́ nìyẹn, lẹ́yìn náà volt 85 péré ti tó fún D2S, irú gílóòbù zénọ̀n kan, àmọ́ iná tó ti rí ọ̀nà yìí, ṣe lá máa pọ̀ sí i títí gílóòbù á fi jó, àfi kí nǹkan dì í mú. Tiransifọ́mà wo ló ń ṣèyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi gbé Acura TL 2004 lọ bá rìwáyà, zénọ̀n ló bá wá láti ilé iṣẹ́, ó fẹ́ fi hẹ́díláìtì míì tó ń lo H7, irú gílóòbù halogen kan, sí i. Torí pé tiransifọ́mà ló wà lẹ́nu ọ̀gá yìí, ó ní ibi tíná ti ń jáde nínú bálásì ló ti lágbára jù, ló bá gé wáyà nínípọn tó ń lọ síbi gílóòbù, ó so ó mọ́ tuntun. Kò tàn. Wọ́n pààrọ̀ gílóòbù, kò tàn. Ta ló ń fi ìjánu sí ewúrẹ́ lẹ́nu? 12 volt inú mọ́tò ti tó H7, wáyà tó ń WỌLÉ sínú ìjánu ló yẹ kó so mọ́ ọn. Bí tuntun bá sì ní ìjánu tiẹ̀, ibẹ̀ náà ni, ẹ má to ìjánu méjì léra. Kọ̀ǹpútà mọ́tò lè pariwo díẹ̀ torí 35 watt ló ń retí, H7 ń jẹ 55. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan o, kẹ́sẹ́ yẹn ò mọ ẹlẹ́ṣin yàtọ̀ sí ẹṣin.

Ẹni tó bá ṣì ní ẹrù-ìdúró ló dáa jù, kó wá fi ṣàlàyé fún rìwáyà ibi tó ti máa gé wáyà.